Máíkì Tí Ó Wọ Ihò Tí Kò Bá Rédíò Mu

Nínú gbogbo ohun èlò tí ọmọ aráyé fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, láti ìgbà àrokò tí àwọn baba ńlá wa ń dì ránṣẹ́ títí di ìgbà fóònù alágbèéká tí a ń rí lápò tàgbà tèwe lónìí, bóyá ni a ó rí èyí tí ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́ tó rédíò ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n ń dè mọ́ inú ọkọ̀ ọlọ́pàá, ọkọ̀ panápaná àti ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn. Bóyá ni a ó sì rí èyí tí àwọn tí ń lò ó lójoojúmọ́ mọ ìdí rẹ̀ kéré tó o. Wọn a máa bọ̀wọ̀ fún eríàlì gàgàrà tí ó wà lórí òrùlé ọkọ̀, wọn a sì máa bọ̀wọ̀ fún àpótí tí iná ń tàn lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n máíkì tí ó so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, ohun tí ẹnikẹ́ni lè yọ, kí ó sì fi òmíràn rọ́pò, ni wọ́n kà á sí, níwọ̀n ìgbà tí ẹnu wáyà rẹ̀ bá ti wọ ihò. Èrò yìí ni mo dìde láti bá wí, nítorí pé ó ti sọ ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ariwo lásán ní àkókò tí ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì jù lọ.

Kò sí ẹ̀yà rédíò tí ìyà ń jẹ bíi máíkì. Òun ni ọwọ́ ń mú, òun ni òógùn ń rin, òun ni ó ń já bọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá kó sí kòtò, okùn rẹ̀ ni awakọ̀ sì ń fà títí wáyà inú rẹ̀ yóò fi já. Nítorí náà, bí rédíò bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, àfi kí ó pààrọ̀ máíkì. Ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ yóò wo ẹnu wáyà, yóò rí i pé onígun mẹ́rin ni, pé irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́jọ ni ó tò sí i lójú, irú èyí gan-an tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra ní ọ́fíìsì. Yóò tì í wọnú ihò, yóò gbọ́ pé ó dún kàṣá, yóò tẹ bọ́tìnnì, iná pupa yóò tàn láti fi hàn pé rédíò ń ránṣẹ́ jáde, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀ pé iṣẹ́ parí. Kò mọ̀ pé ẹni tí ó jókòó ti ẹ̀rọ ní àgọ́ ń gbọ́ ohùn kan tí ó rẹlẹ̀ débi pé híhó afẹ́fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, tàbí èyí tí ó le koko, tí ó fọ́ yángá-yángá, tí orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà ilé kò fi ṣeé dá mọ̀ nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú jù ni pé ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ kò lè mọ̀. Nígbà tí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì máíkì nínú ọkọ̀, etí rédíò tirẹ̀ a di, kò sì ní í gbọ́ ohun tí òun ń rán jáde títí yóò fi tú bọ́tìnnì sílẹ̀. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Ohùn rédíò kò sì yàtọ̀ sí èyí. Awakọ̀ lè lo máíkì tí kò yẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí ó máa rò pé àwọn ará àgọ́ ni ọ̀lẹ tí kì í tètè dáhùn, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn náà ń bínú sí i pé kì í la ẹnu sọ̀rọ̀.

Kí a tó lè mọ ìdí tí máíkì méjì tí ojú wọn jọra fi lè yàtọ̀ ní ìwà, ó yẹ kí a padà sí ìran wọn. Ní ọdún 1928, àwọn ọlọ́pàá ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìròyìn lórí rédíò inú ọkọ̀, ṣùgbọ́n gbígbọ́ nìkan ni wọ́n lè gbọ́. Bí àgọ́ bá pè wọ́n, àfi kí wọ́n lọ wá tẹlifóònù kí wọ́n tó lè fèsì. Ní ọdún 1933, ìlú Bayonne ní ìpínlẹ̀ New Jersey fi èyí tí ó lè gbọ́, tí ó sì lè fèsì, sínú ọkọ̀ àwọn ọlọ́pàá rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1940, àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Connecticut ti ń lo irú rẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà FM tí Edwin Armstrong là sílẹ̀, èyí tí Daniel Noble, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, bá wọn gbé kalẹ̀. Ní ọdún náà ni Noble sì darapọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ àwọn Galvin ní Chicago, ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Motorola.

Ní ayé ìgbà náà, máíkì èédú ni ọba láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: àgbà ọ̀jẹ̀, èédú dúdú tí ń fọhùn funfun, ajírawọ́-sí-bátìrì, ẹni tí Edison àti Berliner ti ń ṣiṣẹ́ lé lórí láti ọdún 1877 nítorí tẹlifóònù. Iṣẹ́ rẹ̀ kò díjú. Èédú wóró-wóró ni ó wà nínú àpò kékeré kan lẹ́yìn awọ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ohùn bá kan awọ náà, èédú a fún mọ́ra, a tún tú ká, iná bátìrì tí ń gba àárín wọn kọjá a sì máa pọ̀ sí i tàbí kí ó dín kù bí ohùn ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Ẹ kíyè sí i pé ohùn ènìyàn kọ́ ni ó ń pèsè iná níhìn-ín. Bátìrì ni ó ń pèsè rẹ̀, ohùn kàn jẹ́ aṣọ́bodè tí ń ṣí ilẹ̀kùn tí ó sì ń pa á dé. Ìdí nìyí tí ohun tí máíkì èédú ń gbé jáde fi pọ̀, tí rédíò kò fi nílò láti tún fún un lágbára tó bẹ́ẹ̀. Àléébù tirẹ̀ ni pé ó máa ń hó, àti pé èédú inú rẹ̀ a máa dì pọ̀ bí ó bá pẹ́. Àwọn àgbà oníṣẹ́ rédíò a máa gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kí èédú náà lè tú ká.

Nígbà tí máíkì onímágínẹ́ẹ̀tì dé, tí wáyà wínníwínní tí a wé mọ́ ìdí awọ rẹ̀ ń mì nínú agbára mágínẹ́ẹ̀tì, tí ó sì ń ti inú mímì náà pèsè iná fúnra rẹ̀ láìbẹ bátìrì, ohùn rẹ̀ mọ́ ju ti èédú lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n iná tí ó ń gbé jáde kéré jọjọ: mílífóòtì díẹ̀ péré, ìyẹn ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì kan. Báwo ni ẹ ó ti ṣe fi irú èyí sára rédíò tí a ti kọ́ láti máa retí máíkì èédú? Ọgbọ́n tí àwọn aláṣẹ̀dá ta ni pé wọ́n fi tìràńsísítọ̀ sínú máíkì náà gan-an, kí ó máa gbé ohùn ga kí ohùn tó kúrò ní ọwọ́ asọ̀rọ̀, wọ́n sì ń fi iná tí rédíò ti ń rán sí èédú látijọ́ bọ́ tìràńsísítọ̀ yìí, lórí wáyà kan náà tí ohùn ń gbà kọjá. Ọmọ tuntun gbé ìwà àgbà wọ̀. Bí ẹ bá sì wo ìwé iṣẹ́ ọ̀pọ̀ rédíò Motorola, títí kan àwọn tí a ṣe lẹ́yìn tí èédú ti kúrò lójú agbo tipẹ́, ẹ ó rí i pé 80 mílífóòtì ni wọ́n ń retí lẹ́nu ihò máíkì nígbà tí a bá fi ohùn 1,000 Hz dán an wò, kí ohùn tí ó jáde lórí afẹ́fẹ́ tó dé ìdá 60 nínú 100 ibi tí òfin gbà á láyè dé.

Ìdílé kẹta ni èyí tí a ń pè ní electret, tí Gerhard Sessler àti James West ṣe ní ilé-iṣẹ́ Bell Labs ní ọdún 1962. Ọmọ Áfíríkà-Amẹ́ríkà ni West, ìpínlẹ̀ Virginia ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1931, ní àkókò tí òfin ibẹ̀ ń ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀. Ó sì jẹ́ ohun ìwúrí fún mi láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ fóònù àti rédíò tí aráyé ti fi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà wá, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Awọ tí a ti rọ iná sínú rẹ̀ títí láé ni máíkì electret ń lò, pẹ̀lú tìràńsísítọ̀ kékeré tí ó gbọ́dọ̀ rí fóòtì díẹ̀ gbà láti ọ̀dọ̀ rédíò kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Bí rédíò kò bá rán iná yìí sí i, yóò yadi pátápátá. Bí a bá sì gbé onímágínẹ́ẹ̀tì lásán, tí kò ní tìràńsísítọ̀ nínú, sórí rédíò tí ń rán iná jáde, iná náà yóò máa gba inú wáyà wínníwínní rẹ̀ kọjá, yóò fa awọ rẹ̀ kúrò ní àyè, ohùn yóò sì wọ́; àfi bí oníṣẹ́ bá fi kàpásítọ̀ sí àárín, kí ohùn lè kọjá kí iná má lè kọjá.

Wàyí o, kì í ṣe gbogbo rédíò ni ó ń retí 80 mílífóòtì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń ṣe ní Japan, tí wọ́n kún ọjà, mílífóòtì díẹ̀ péré ni wọ́n ń fẹ́, nítorí pé inú rédíò ni wọ́n ti ń gbé ohùn ga, kì í ṣe inú máíkì. Ká sọ pé rédíò kan ń fẹ́ 5, tí máíkì tí a fi sí i sì ń gbé 80 wá: ìlọ́po 16 ni ìyẹn. Àwọn onímọ̀ a máa fi dẹ́síbẹ̀lì ka irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀, nínú èyí tí ìlọ́po méjì jẹ́ 6, tí ìlọ́po mẹ́wàá sì jẹ́ 20; ìyàtọ̀ tí mo mú wá yìí jẹ́ dẹ́síbẹ̀lì 24. Ẹni tí ó bá gbé irú máíkì bẹ́ẹ̀ sórí irú rédíò bẹ́ẹ̀ ń da omi garawa sí ẹnu ìgò ni: kì í ṣe pé ìgò yóò tètè kún, bí kò ṣe pé omi yóò dà sílẹ̀. Bí a bá yí i padà, tí a fún rédíò tí ń fẹ́ 80 ní máíkì tí ń gbé 5 wá, ohùn yóò dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n asọ̀rọ̀ yóò ní láti pariwo kí a tó gbọ́ ọ ní àgbọ́yé, ohùn rẹ̀ yóò sì ti há kí iṣẹ́ ọjọ́ náà tó parí.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ohùn tí ó pọ̀ jù náà? Ní ọ̀nà FM, ìgbì tí rédíò ń rán jáde a máa fì sápá òkè àti sápá ìsàlẹ̀ ibùdó rẹ̀ bí ohùn bá ti ń kọlù ú, bí ohùn bá sì ti lágbára tó ni ó ṣe ń fì jìnnà tó. Nítorí kí ó má baà fì wọ ojú ọ̀nà aládùúgbò, gbogbo rédíò tí ó dára ni ó ní ẹ̀ṣọ́ kan nínú tí ń gé orí ohùn tí ó bá ga ju òṣùwọ̀n lọ. Nítorí náà, máíkì tí ó lágbára jù kì í mú kí ohùn dún jìnnà sí i ju ibi tí ẹ̀ṣọ́ yìí gbà; gígé ni ohùn yóò máa di gígé. Ohùn tí a gé lórí báyìí a le, a sì pá. Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé gbogbo ohun kéékèèké tí kò yẹ kí a gbọ́ ni a ó máa gbọ́: ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, mímí asọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn ni a ti gbé ga pọ̀, ohùn ènìyàn nìkan ni ẹ̀ṣọ́ sì ń tẹ̀ lórí ba, tí àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ àti ariwo fi dín kù. Ẹyin lohùn, bí ó bá já bọ́, kò ṣeé ṣà jọ mọ́. Ohun tí a ti gé dànù nínú ọkọ̀ kò sí ẹ̀rọ tí ó lè dá a padà ní àgọ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní í gba èyí gbọ́, nítorí pé ìfẹ́ ohùn ńlá wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí epo bẹ́ńtírò di ọ̀wọ́n ní ọdún 1973, àwọn awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù gba rédíò CB, ìyẹn èyí tí a yà sọ́tọ̀ fún ará ìlú, mọ́ra, wọ́n ń fi sọ fún ara wọn ibi tí epo wà àti ibi tí ọlọ́pàá ba sí. Láìpẹ́ láìjìnnà, ará ilé àti ará oko ti rà á sínú ọkọ̀ tiwọn. Nígbà tí ojú ọ̀nà kún fọ́fọ́, tí olúkúlùkù ń fẹ́ kí ohùn tòun borí ti ẹnìkejì, máíkì alágbára di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá, èyí tí a fi bátìrì àti tìràńsísítọ̀ sínú rẹ̀ ju ti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe rédíò lọ. Ilé-iṣẹ́ Turner ṣe tirẹ̀, ó lókìkí. Ilé-iṣẹ́ Astatic sì ní D-104, máíkì ẹlẹ́sẹ̀ kan tí ó ti wà láti ọdún 1933, tí orí rẹ̀ rí róbótó lórí ọ̀pá, tí àwọn ènìyàn ṣì ń kó pamọ́ nílé títí di òní nítorí ẹwà rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́: ọ̀pọ̀ wọn yí agbára máíkì wọn dópin, wọ́n sì ń fi ariwo fọ́ ara wọn létí. Èyí tí mo tilẹ̀ kà sí ẹ̀kọ́ jù nínú ìtàn D-104 ni pé òkúta kírísítálì ni ó wà nínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, irú èyí tí ó ń fẹ́ kí ẹnu rédíò le, kí ó má fa iná púpọ̀ lọ́wọ́ òun. Rédíò onígíláàsì àtijọ́, èyí tí ó ṣáájú tìràńsísítọ̀, rí bẹ́ẹ̀. Ti onítìràńsísítọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá so ó mọ́ ọn láìsí ohun tí ó là wọ́n láàárín, gbogbo ìsàlẹ̀ ohùn ni yóò sọnù, tí ohùn àgbàlagbà ọkùnrin yóò fi dún tinrín. Nítorí náà kì í ṣe pípọ̀ iná nìkan ni a ń wò. Bí máíkì àti rédíò ti ń fa ara wọn sí náà ṣe kókó.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo irin mẹ́jọ tí ó tò lẹ́nu wáyà. Ọ̀kan ń gbé ohùn, ọ̀kan jẹ́ ilẹ̀ fún ohùn, ọ̀kan ń sọ fún rédíò pé a ti tẹ bọ́tìnnì, ọ̀kan ń sọ fún un pé a ti gbé máíkì kọ́, àwọn mìíràn ń gbé iná fóòtì 5 tàbí 8, tàbí ti bátìrì ọkọ̀ pàápàá, fún gílóòbù kékeré tàbí fún bọ́tìnnì nọ́ńbà tí ó wà lójú máíkì. Ètò tí ilé-iṣẹ́ kan fi tò wọ́n kọ́ ni ti ilé-iṣẹ́ kejì. Motorola ní tirẹ̀, Kenwood ní tirẹ̀, Icom àti Yaesu ní tiwọn, bẹ́ẹ̀ ihò onígun mẹ́rin kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú rédíò wọn ń lò. Bí bọ́tìnnì máíkì àlejò bá bọ́ sórí irin tí ń gbé iná, ìgbà tí asọ̀rọ̀ bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ni yóò da iná náà sílẹ̀ gbàrà, nǹkan kan yóò sì jó nínú rédíò tí owó rẹ̀ ju ti máíkì lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Bí ilẹ̀ ohùn àti ilẹ̀ bọ́tìnnì bá dà pọ̀ níbi tí kò yẹ, igbe ẹ̀rọ tí ń pèsè iná fún ọkọ̀ yóò wọnú ohùn, yóò sì máa ròkè bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré. Ní ti gbígbé kọ́ yìí, àwọn ènìyàn kò kà á sí, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́: nínú ọ̀pọ̀ rédíò, bí a bá gbé máíkì kúrò lórí ìkọ́, rédíò a ṣí etí sí gbogbo ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà náà, kí asọ̀rọ̀ má baà já lu ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, máíkì tí kò ní wáyà gbígbé kọ́ yìí yóò sì jẹ́ kí etí rédíò ṣí sílẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, kí ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò kàn án.

Àìsàn mìíràn wà tí ó jọ ti máíkì tí kì í ṣe ti máíkì, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n kí a má baà fi oògùn inú rírun wo ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2013, ìjọba Amẹ́ríkà, láti ọwọ́ àjọ FCC, pàṣẹ kí ọ̀pọ̀ rédíò iṣẹ́ tí ń lo ojú ọ̀nà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 25 kHz sún mọ́ra sí 12.5 kHz, kí àyè lè gba ènìyàn púpọ̀ sí i. Fífì tí ó ti jẹ́ 5 kHz tẹ́lẹ̀ di 2.5. Bí rédíò tí a ti dín báyìí bá bá èyí tí a kò dín sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ yóò rẹlẹ̀ ní ìdajì. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a kò dín ni ó ń bá èyí tí a ti dín sọ̀rọ̀, yóò le, yóò sì fọ́. Ẹni tí kò mọ̀ yóò pààrọ̀ máíkì mẹ́ta láìrí ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà nílé pẹ̀lú, nítorí pé rédíò tí ó bá ti ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà kí ó tó di tókunbọ̀ lè gbé ètò kékeré yìí dání wá, kí a sì tò ó pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn tí wọ́n ṣì wà lórí ètò ńlá.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwòsàn òdì, èyí tí mo kórìíra jù ni ti oníṣẹ́ tí ó gbọ́ pé ohùn rédíò kan rẹlẹ̀, tí ó ṣí àpótí, tí ó mú sukudiráfà, tí ó sì yí ibi tí a fi ń díwọ̀n fífì sókè. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Nínú ọ̀pọ̀ rédíò, ibi tí ó yí náà wà lẹ́yìn ẹ̀ṣọ́ tí ń gé orí ohùn. Òpin ni ó ń tò, kì í ṣe agbára máíkì. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá wá sọ̀rọ̀ sókè, tàbí tí a bá fi máíkì rere sí i, rédíò náà yóò fì kọjá ààlà, yóò wọnú ojú ọ̀nà aládùúgbò, ohùn rẹ̀ yóò sì fọ́ létí àwọn tirẹ̀ gan-an. Ibi tí ó yẹ kí ó ṣe é ni àárín máíkì àti ẹ̀ṣọ́: nínú máíkì kan, a ó rí ibi kékeré tí a lè fi sukudiráfà yí, nínú ọ̀pọ̀ rédíò ìwòyí, kọ̀ǹpútà ni a fi ń sọ fún rédíò bí yóò ti gbé ohùn máíkì ga tó.

A kò sì gbọdọ̀ rò pé nítorí pé máíkì méjì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà, iwájú kan náà ni wọn yóò kọjú sí. Ọmọ ìyá kan náà ni ìka ọwọ́, síbẹ̀ wọn kò dọ́gba. Òmíràn wà tí a ṣe fún ibi ariwo, tí ó ní ihò níwájú àti lẹ́yìn, kí ariwo tí ó bá gba ojú méjèèjì wọlé lè pa ara rẹ̀ rẹ́, kí ohùn ẹnu tí ó súnmọ́ ojú kan sì yè. Irú rẹ̀ dára púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí fèrè rẹ̀ ń ké, bí asọ̀rọ̀ bá gbé e súnmọ́ ètè; bí ó bá gbé e sí àyà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà yóò di ariwo lójú máíkì, yóò sì pa á rẹ́ mọ́ ọn. Fún ọ̀pọ̀ máíkì mìíràn, bí a bá sọ àlàfo àárín rẹ̀ àti ẹnu di ìlọ́po méjì, ìdajì agbára ohùn ni ó lọ. Ẹni tí ó gbé e kúrò ní íǹṣì kan sí íǹṣì mẹ́rin ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ dẹ́síbẹ̀lì 12 nù, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹlòmíràn.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé rédíò oní-nọ́ńbà tí ó gbòde báyìí ti fi òpin sí gbogbo wàhálà yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Rédíò oní-nọ́ńbà kì í rán ohùn gan-an jáde; ó ń tú ohùn wò, ó ń kọ àpèjúwe rẹ̀ sílẹ̀ ní nọ́ńbà, èyí tí ń gbà á ni ó sì ń ti inú àpèjúwe náà dá ohùn mìíràn. A kọ́ ọ láti mọ ohùn ènìyàn. Bí ohùn náà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní gígé, tàbí tí ariwo ayùn àti fèrè bá dà pọ̀ mọ́ ọn, àpèjúwe rẹ̀ yóò ṣìnà, ohun tí yóò sì jáde lódìkejì lè má jọ ọ̀rọ̀ kankan. Ní ọdún 2008, àjọ NTIA ti ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìròyìn ìdánwò tí wọ́n ṣe nítorí àwọn panápaná jáde, ó sì hàn níbẹ̀ pé nínú àwọn ariwo kan tí ó wà níbi iná, rédíò àtijọ́ ni a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yé ju oní-nọ́ńbà lọ. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé bí rédíò ti ń gbọ́n sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a máa ṣọ́ra sí i nípa ohun tí a ń sọ sí i létí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra rédíò tókunbọ̀, ìbáà jẹ́ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé-iṣẹ́ tàbí fún ọkọ̀ ilé ìwòsàn, kí ó béèrè máíkì tí ó bá a wá gan-an, kí ó sì wo nọ́ńbà tí a kọ sẹ́yìn rẹ̀ mọ́ èyí tí ìwé rédíò dárúkọ. Bí kò bá rí i, kí ó wá oníṣẹ́ tí ó ní ìwé wáyà ilé-iṣẹ́ méjèèjì, kí ó tó ti ohunkóhun bọ ihò. Lẹ́yìn náà ni yóò kan ìdánwò, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn fífì ni a sì fi ń ṣe é: kí awakọ̀ gbé máíkì sí ibi tí ó máa ń gbé e sí, kí ó sọ̀rọ̀ bí ó ti máa ń sọ ọ́, kí oníṣẹ́ wò bóyá ohùn náà súnmọ́ òpin tí òfin gbà láìmáa lù ú ní gbogbo ìgbà. Níbi tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò bá sí, kí ẹnìkan mú rédíò kejì tí ó dára lọ sí ìdí igi tí ó jìnnà díẹ̀, kí ó fetí sílẹ̀, kí wọ́n fi máíkì àtijọ́ àti tuntun ka àwọn nọ́ńbà àti orúkọ àdúgbò kan náà tẹ̀ lé ara wọn, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí ń ṣiṣẹ́ àti fèrèsé tí ó ṣí, kí ó sì kọ gbogbo ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ṣi nọ́ńbà kan péré gbọ́, kí wọ́n má tíì gbé ọkọ̀ náà jáde.